Àrokò Tí Àrùn Jẹjẹrẹ Ń Rán Nínú Ara

Àwọn baba wa kì í ṣe aláìmọ̀ nípa iṣẹ́ rírán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní tádàwà àti ìwé. Nígbà tí ọba kan bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ọba mìíràn sọ, tàbí tí ọ̀rẹ́ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn, wọn a di ẹrù kékeré kan: owó ẹyọ mélòó kan, ìyẹ́ ẹyẹ, èèpo igi, àkísà aṣọ. Wọn a fi okùn dì í, wọn a sì fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tí a rán an sí a tú u, a wo iye ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí a ti tò wọ́n, a sì mọ ohun tí a ní kí òun ṣe. Èyí ni à ń pè ní àrokò. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá; síbẹ̀, ogun lè ti inú rẹ̀ dé, àlàáfíà sì lè ti inú rẹ̀ dé pẹ̀lú.

Ohun tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé ara ènìyàn pẹ̀lú ń rán àrokò, àti pé àrùn jẹjẹrẹ mọ bí a ti ń rán tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Ó kan gbogbo ilé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ yìí, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìgàndó dé Ìpájà, nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè kan tí ń pa ènìyàn láàárín wa: bí kókó kan bá yọ ní ara, tí kò sì dun ni, ǹjẹ́ a lè dúró ná?

Àwọn tí ń ṣe ìṣirò àrùn yìí fún Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2022, ènìyàn tí ó ju 127,000 lọ ni jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn tí ó sì pa ní ọdún náà ju 79,000 lọ. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn obìnrin wa. Láàárín àwọn ọkùnrin, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti próstéètì, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Àwọn dókítà wa kò dẹ́kun láti máa sọ pé púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn títí àrùn yóò fi gbilẹ̀. Ìdí rẹ̀ pọ̀: àìsí owó wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀, ọ̀nà ilé ìwòsàn a sì máa jìn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò gba owó láti mú kúrò, òun ni ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn lẹ́nu yìí: “Kò dùn mí.” Kókó yọ, kò dun ni, a sì fi í sílẹ̀ bí ẹni pé ó ń sùn. Ohun tí ìmọ̀ òde òní fi hàn wá ni pé kókó jẹjẹrẹ tí kò dun ni kì í ṣe kókó tí ń sùn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń di ẹrù. Ó ń ránṣẹ́ síwájú.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi àwọn ohun kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì mọ ara. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kò ní ìyè, sẹ́ẹ̀lì ní. Ó ń gba oúnjẹ, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì, nígbà tí àkókò rẹ̀ bá sì pé, ó ń kú kí òmíràn lè gba ipò rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ní ọ̀rá ni ó yí i ká. Ojú lásán kò lè rí i. Máíkíròsíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ni a fi ń wò ó. Nínú ara tí ó le, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń pa òfin mọ́: kì í pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kì í sì í fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lọ gba ti ẹlòmíràn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ṣọ̀tẹ̀ sí òfin wọ̀nyí, tí ó ń bí sí i láìdẹ́kun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fa oúnjẹ gbogbo àdúgbò sọ́dọ̀ ara wọn, àìsàn tí ó ti ibẹ̀ dé ni à ń pè ní jẹjẹrẹ.

Ǹjẹ́ báwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò ní ẹnu ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ní. Ọ̀kan nínú wọn ni àpò dídì. Sẹ́ẹ̀lì a máa já díẹ̀ nínú awọ ara rẹ̀, a fi í ṣe àpò róbótó kan tí ó kéré jọjọ, a kó ẹrù sínú rẹ̀, a sì tì í síta. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún gbogbo irú àpò bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni extracellular vesicles, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọn àpò kéékèèké tí ó wà ní ìta sẹ́ẹ̀lì. Oríṣi méjì ni ó yẹ kí á dì mú. Àwọn kan wà tí awọ ìta sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń wú jáde bí ìléròrò tí wọn a sì já bọ́. Àwọn mìíràn, tí a ń pè ní exosome, inú yàrá kan nínú sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń dì wọ́n papọ̀ ní ọ̀pọ̀. Yàrá náà a wá lọ lẹ̀ mọ́ awọ ìta, a ṣí, a sì tú gbogbo wọn dà síta, bí ìgbà tí dánfó bá dúró ní Ìyànà-Ìpájà tí gbogbo èrò inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti bí wọ́n ti kéré tó, ẹ mú rúlà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ sì wo mìlímítà kan lórí rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan yìí sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nanomítà. Ìbú exosome kan sábà máa ń wà láàárín nanomítà 30 àti 150. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni a lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo.

Ẹrù wo ni ó wà nínú àpò náà? Purotéènì wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. RNA wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe ẹ̀dà àṣẹ tí a dà kọ láti inú DNA, ìwé òfin sẹ́ẹ̀lì. Nígbà mìíràn a ń rí ègé DNA fúnra rẹ̀. Ní ara àpò náà lóde, àwọn purotéènì kan yọrí síta bí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ni ó ń pinnu ilẹ̀kùn tí àpò náà lè ṣí. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, a sì ń rí i nínú ìtọ̀, nínú itọ́ ẹnu àti nínú omi ọmú pẹ̀lú. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá mu, a wọlé, a tú ẹrù rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà a sì máa ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹrù náà ti wí.

Kì í ṣe kíákíá ni a mọ iyì àwọn àpò wọ̀nyí. Ní ọdún 1967, Peter Wolf rí wọn láti ara àwọn ẹyọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì pè wọ́n ní eruku. Ní 1983, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, ọ̀kan ní ìlú Montreal ní Kánádà lábẹ́ obìnrin ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Rose Johnstone, èkejì ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà lábẹ́ Philip Stahl, rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di àwọn ohun tí kò nílò mọ́ sínú àpò tí ó sì ń dà wọ́n nù. Ní 1987 ni Johnstone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi orúkọ exosome pè wọ́n. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò àwọn ènìyàn ni pé pàǹtírí lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ààtàn Solous ní Ìgàndó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a dà nù ni kò wúlò. Àwọn tí ń ṣa ààtàn mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú àpò wọ̀nyí wò.

Ní ọdún 2007, Hadi Valadi, Jan Lötvall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Gothenburg ní ilẹ̀ Swídìn ṣe ohun tí ó mú gbogbo iyè méjì kúrò. Wọ́n gba àpò tí sẹ́ẹ̀lì eku dì, wọ́n sì fi fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Lẹ́yìn èyí wọ́n rí purotéènì eku nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn náà. Ẹ kíyè sí i dáadáa: sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò ní àṣẹ irú purotéènì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin tirẹ̀. Inú àpò ni ó ti gba àṣẹ náà, ó kà á, ó sì ṣe é. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe pàǹtírí ni wọ́n, iṣẹ́ tí a rán ni.

Nínú ara tí ó le, ohun rere ni àrokò yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara fi ń kìlọ̀ fún ara wọn, a sì fi ń wo ọgbẹ́ sàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọba rere lè lò, ọ̀tẹ̀ pẹ̀lú lè lò ó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a sábà máa di àpò tí ó pọ̀ ju ti sẹ́ẹ̀lì tí ó le lọ, ohun tí ó sì ń kó sínú wọn kì í ṣe ohun àlàáfíà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a óò sọ nínú àwọn iṣẹ́ tí ó fi ń ṣe.

Iṣẹ́ èkíní ni láti yí àwọn aládùúgbò lọ́kàn padà. Kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà bí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu. Ní 2008, Johan Skog àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tí ó burú púpọ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn àpò rẹ̀ ń ru àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ sókè láti la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń so ẹran ara pọ̀ pẹ̀lú, tí ó yẹ kí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tẹ̀, a máa gba àpò yìí, wọn a sì di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ èkejì ni láti tan àwọn ọmọ-ogun ara jẹ. Ọlọ́run fi àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá àrùn jà. Kí wọ́n má baà ṣìnà kí wọ́n sì pa ara tí wọ́n ń ṣọ́, ìdè kan wà lára wọn: bí sẹ́ẹ̀lì mìíràn bá fi purotéènì tí a ń pè ní PD-L1 kan ìdè yìí, ọmọ-ogun náà a ká apá rẹ̀ sílẹ̀. Jẹjẹrẹ mọ àṣírí yìí. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara tí a ń pè ní melanoma a máa lẹ PD-L1 mọ́ ara àwọn exosome rẹ̀, a sì tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun a ti gba àṣẹ pé kí wọ́n padà sílé kí wọ́n tó fojú kan ọ̀tá rárá.

Iṣẹ́ ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lọ, nítorí pé òun ni ó kan ikú ènìyàn. Kì í ṣe kókó tí ó kọ́kọ́ yọ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa. Títàn tí ó tàn lọ sí ẹ̀dọ̀, sí ẹ̀dọ̀fóóró, sí egungun tàbí sí ọpọlọ ni. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu. Ní ọdún 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ka àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa. Ó rí i pé àrùn náà kì í tàn bí ẹni tí ń fọ́n nǹkan káàkiri láìwo ibi tí ó bọ́ sí. Àwọn ẹ̀yà ara kan wà tí ó fẹ́ràn ju òmíràn lọ. Ó ní irúgbìn ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àti pé irúgbìn kì í hù àfi ní ilẹ̀ tí ó bá gbà á. Àgbẹ̀ kankan kò ní jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Paget kò lè mọ bí ilẹ̀ náà ti ṣe di èyí tí ó gba irúgbìn.

Ìdáhùn náà pẹ́ kí ó tó dé, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 2012, David Lyden, Héctor Peinado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú New York gba exosome láti ara jẹjẹrẹ awọ ara tí ó máa ń tàn púpọ̀, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀jẹ̀ eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun gba ẹ̀kọ́ láti inú rẹ̀, wọ́n sì di ẹni tí ń ran jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti tàn. Ní 2015, Ayuko Hoshino pẹ̀lú ẹgbẹ́ yìí kan náà rí i pé àwọn purotéènì tí a ń pè ní integrin, tí ó wà lára exosome lóde, ni kọ́kọ́rọ́ tí ń yan ilé: irú kan ń darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóóró, irú mìíràn sí ẹ̀dọ̀. Wọ́n mú jẹjẹrẹ kan tí egungun ni ó máa ń tàn lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi exosome ti jẹjẹrẹ tí ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró fún eku. Jẹjẹrẹ tí ó yẹ kí ó lọ sí egungun sì gba ẹ̀dọ̀fóóró lọ. Àrokò ni ó tún ilẹ̀ náà ṣe dè é.

Àwa tí a mọ Alímọ̀ṣọ́ kò nílò àpẹẹrẹ láti ibi jíjìn kí èyí tó yé wa. Oko ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Àwórì yìí tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé ni ó kún un. Kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ ilé tuntun ní Ìgàndó tàbí ní Ìdímù, a kì í kọ́kọ́ rí onílé. Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń rí. Lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ a já iyanrìn sílẹ̀, a kó búlọ́ọ̀kù dé, a gbẹ́ kànga. Ẹni tí ó bá ń kọjá a wo òkìtì iyanrìn yìí, a sì mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ènìyàn kan níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àpò jẹjẹrẹ ti rí. Wọ́n ń dé ẹ̀yà ara kan kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kankan tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún 2015 kan náà, Bruno Costa-Silva àti ẹgbẹ́ Lyden to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ nínú ẹ̀dọ̀. Jẹjẹrẹ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ti pancreas, ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Exosome rẹ̀ dé ẹ̀dọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì aṣọ́nà ibẹ̀ sì gbé e mì. Nígbà tí wọ́n gbé e mì tán, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò wọn pé kí wọ́n hun okùn purotéènì tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Okùn náà fa àwọn sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn wá. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ti múra tán. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá wá gba inú ẹ̀jẹ̀ dé, ilé ni ó bá, kì í ṣe aginjù.

Ó tọ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Ara eku àti inú ìgò àyẹ̀wò ni a ti rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn fi ara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àpò wọ̀nyí nìkan kọ́ ni jẹjẹrẹ ń lò, kì í sì í ṣe gbogbo àpò tí a rán ni ó ń dé ibi tí a rán an. Ara ń gbá púpọ̀ nínú wọn dànù. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin: kókó jẹjẹrẹ a máa ṣiṣẹ́ ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dé.

Bí ọ̀tá bá ń rán àrokò, ọlọ́gbọ́n a dènà de ìránṣẹ́ rẹ̀. Èyí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń ṣe nísinsìnyí. Nítorí pé àpò jẹjẹrẹ ń gbé àmì ilé tí ó ti wá, ènìyàn lè wá a nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú ìtọ̀ láìfi ọ̀bẹ kan ara. Ní Amẹ́ríkà, a ti ń lo àyẹ̀wò ìtọ̀ kan tí ń ka RNA inú exosome láti ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ọkùnrin tí ó yẹ kí a gba ẹran próstéètì rẹ̀ fún àyẹ̀wò àti ẹni tí ó lè dúró. Àwọn mìíràn ń wá oògùn tí yóò dí ọ̀nà àpò wọ̀nyí, àwọn mìíràn sì ń gbìyànjú láti kó oògùn sínú irú àpò bẹ́ẹ̀ kí ó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ìrètí ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ síbẹ̀. Kò tíì sí èyí tí ó rọ́pò ọwọ́ dókítà, àwòrán inú ara, àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń gba díẹ̀ nínú kókó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dúró ní ọjà Ìkòtún tí ó ní òun ní oògùn exosome tí ń wo gbogbo àrùn sàn, kí ẹ mọ̀ pé owó yín ni ó ń wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa irú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ti ṣe àwọn kan ní ìpalára.

Wàyí o, kí ni gbogbo èyí ní í ṣe pẹ̀lú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́? Ó ní í ṣe púpọ̀. Àwọn èrò kan wà tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa, tí ẹ̀kọ́ yìí lè tú palẹ̀, olùkọ́ ni yóò sì kọ́ni.

Èrò kan ni pé ọ̀bẹ dókítà ni ó ń mú kí jẹjẹrẹ tàn. Àwọn kan rí i pé aláìsàn lọ fún iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn oṣù mélòó kan àrùn yọ sí ibòmíràn, wọ́n sì fi ẹ̀bi fún ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n a ti rí i nísinsìnyí pé kí ọ̀bẹ tó kan ara ni ìránṣẹ́ ti lọ, tí a sì ti já iyanrìn sílẹ̀. Ìdúró tí ó ṣáájú ọ̀bẹ ni ó yẹ kí á dá lẹ́bi. Ẹni tí ó tètè lọ ń gé ọwọ́ tí ń di ẹrù náà.

Èrò kejì ni pé jẹjẹrẹ a máa ràn, nítorí èyí a ń ya àwo oúnjẹ aláìsàn sọ́tọ̀, a kò sì fẹ́ jókòó tì í. Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé àpò jẹjẹrẹ wà nínú itọ́ àti ìtọ̀, ẹ̀rù lè bà á sí i. Kí ó fọkàn balẹ̀. Inú ara ẹni tí ó ń ṣe ni àrokò yìí ti ń jẹ́. Kò sí ẹni tí jíjẹun pọ̀, sísùn nínú yàrá kan, tàbí wíwẹ aláìsàn fi jẹjẹrẹ ràn. Ẹni tí ó ń ṣàìsàn yìí nílò ẹni tí yóò bá a jẹun.

Èrò kẹta ni èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀: pé ohun tí kò dun ni kò lè pa ni. Ní ti jẹjẹrẹ ọmú, kókó rẹ̀ kì í sábà dun ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di olókìkí ní Yunifásítì Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú láàárín àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó máa ń mú àwọn obìnrin wa nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí, àti pé irú èyí tí ó le, tí ó ń yára, wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀dọ̀ tiwa gan-an ni ìdúró ti léwu jù.

Kí a má sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni ju bí ó ti yẹ lọ. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kókó tí ń yọ ní ọmú ni kì í ṣe é. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹni tí ó bá rí kókó ní ọmú tàbí ní abíyá, tàbí omi tí kò yẹ lẹ́nu ọmú. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Ọkùnrin àgbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dán mọ́rán mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dúró de ìrora. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Ibẹ̀ ni a lè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ìyẹn lọ, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkẹjà, èyí tí ó jẹ́ ti Yunifásítì Èkó sì wà ní Ìdí-Àràbà, níbi tí a ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sí ní ọdún 2019. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á ní ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà ni ó fún àwọn oníṣègùn ní òye.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin tí a óò máa kọ́, ẹ má ṣe gbàgbé pé jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14, Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí bá ń ṣiyèméjì, tí ìròyìn èké sì ń tàn ká, ẹnu olùkọ́ ni wọn yóò máa wò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òtítọ́ wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Kò sí àgbà kan nínú wọn tí ó rí exosome, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé igi tí kò tíì ga ti ń ta gbòǹgbò. Bí ẹnìkan ní ilé yín, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, tàbí bàbá, bá sọ fún yín pé kókó kan wà ní ara òun ṣùgbọ́n kò dun òun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ẹ bá a dá ọjọ́ tí yóò lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì bá a lọ.